Rẹsafọ́ọ̀ fún Mustang 1967: irú èwo, ibo ló máa jókòó sí?

Kúnlé, Houston: Ẹ̀yin àgbà mẹkáníìkì, mo kí yín o. Ọkọ̀ Ford Mustang 1967 ni, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní 289, rádíétọ̀ bàbà. Kò ní rẹsafọ́ọ̀ kankan, ìyẹn ohun tó ń gba omi tó bá wú jáde láti inú rádíétọ̀. Hóòsì tín-ín-rín kan ló wà lọ́rùn rádíétọ̀ tó ń da omi sílẹ̀ tí wọ́n bá ti pa ẹ́ńjìnnì. Èwo ni kí n rà, báwo ni wọ́n ṣe ń dè é?

Mufútáù, Dallas: Kúnlé, kó o tó ra rẹsafọ́ọ̀, ra ìdérí rádíétọ̀ ná. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ìdérí àtijọ́ irú ọkọ̀ yẹn, rọ́bà kan ṣoṣo ló ń dí omi, èyí tó jókòó sísàlẹ̀ ọrùn rádíétọ̀. Bí omi bá gbóná tó wú, á ti rọ́bà yẹn sókè, á jáde. Tí ẹ́ńjìnnì bá wá ń tutù, afẹ́fẹ́ ló máa gba abẹ́ ìdérí wọlé, torí kò sóhun tó dí òkè. Ìdérí tó o nílò ní rọ́bà méjì: ti ìsàlẹ̀, àti òmíràn tó fẹ̀ lábẹ́ orí ìdérí gan-an, tó ń dí etí ọrùn náà pa. Òun ló ń jẹ́ kí rádíétọ̀ fa omi rẹ̀ padà láti inú rẹsafọ́ọ̀.

Ra ti 13 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi á fi ti ìdérí kó tó ṣí). Má gbé 18 psi lé rádíétọ̀ bàbà tó ti dàgbà, òjé tí wọ́n fi jó o pọ̀ lè là. Sì wọn bí ọrùn náà ṣe jìn tó, torí àwọn kan jẹ́ ¾ íńṣì, àwọn mìíràn íńṣì kan. Ìdérí kúkúrú lórí ọrùn tó jìn kò ní fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rárá, omi á kàn máa sá jáde ni. Fi yanrìn pépà fẹ́lẹ́ nu ìpẹtà kúrò ní etí ọrùn náà. Tó bá ti tẹ̀ wọnú níbì kan, rọ́bà òkè ò ní dí i.

Ìyá Tósìn, Atlanta: Ẹ̀gbọ́n Mufu ti parí ọ̀rọ̀ ìdérí. Ní ti bó ṣe yẹ kó tóbi tó: 289 ń gba bíi lítà 14 pẹ̀lú híítà. Láti tútù dé gbígbóná, omi náà máa ń wú ní nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn bíi lítà 0.7. Omi díẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹsafọ́ọ̀ nígbà gbogbo. Nítorí náà ti lítà kan á kún dé ẹnu, ti lítà kan ààbọ̀ sí méjì ló dáa. Ike líle tó jẹ́ pé omi hàn lára rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn onírin dídán yẹn rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n o ò ní rí bí omi ṣe pọ̀ tó láìṣí i. Ìgò omi mímu ń kọ́? Rárá o, ooru á ká a kò.

Ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni kó o dè é mọ́, nítòsí irin tó di rádíétọ̀ mú, torí bátìrì ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Jìnnà sí èéfín àti abẹ fáànù. Kò pọn dandan kó ga, fífà ni rádíétọ̀ máa fa omi náà. Má ṣáà jẹ́ kó ga ju ìdérí lọ. Bọ́ọ̀tù ¼ íńṣì méjì, wáṣà rọ́bà, àti nọ́ọ̀tì tí kì í tú. Wo ẹ̀yìn irin kó o tó fi dírììlì lu ú, kó o sì kun etí ihò náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dípẹtà.

Ọ̀pá kékeré tó yọ lọ́rùn rádíétọ̀ máa ń jẹ́ ¼ tàbí 5/16 íńṣì. Wọ̀n ọ́n kó o tó ra hóòsì. Hóòsì tí ara rẹ̀ nípọn ni, kì í ṣe rọ́bà funfun tí wọ́n fi ń fa omi ẹja. Ìyẹn á rọ̀, á sì lẹ̀ pọ̀ nígbà tí rádíétọ̀ bá ń fà. Kílíìpù lẹ́nu méjèèjì. Tí hóòsì bá gba òkè rẹsafọ́ọ̀ wọlé, ọ̀pá inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn dé bíi ½ íńṣì sí ìsàlẹ̀, kó lè wà nínú omi nígbà gbogbo.

Kúnlé, Houston: Ẹ ṣeun, mà. Mo rí kan tó jẹ́ alumíníọ̀mù, ó ní ìdérí 16 psi tirẹ̀ lórí. Ṣé kò dáa ni?

Mufútáù, Dallas: Iṣẹ́ mìíràn nìyẹn ń ṣe. Agbára omi gbígbóná ń tì í nínú bíi ti rádíétọ̀ gan-an, òun ló gbọ́dọ̀ ga jù lọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rọ omi. Àwọn Corvette kan ní àwọn ọdún 1960 ní irú rẹ̀. Èyí tí ò ń wá gbọ́dọ̀ máa mí: ihò kékeré wà lókè rẹ̀. Tó o bá dí i pa, omi ò ní lè lọ bọ̀ dáadáa.

Ṣadé, Minneapolis: Kúláàǹtì (oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi rádíétọ̀) aláwọ̀ ewé ti àtijọ́ ló bá bàbà àti òjé mu. Ìlàjì kúláàǹtì, ìlàjì omi dísítíìlì. Kò ní dì títí dé bíi -37°C. Ohun kan náà ni kó o bù sínú rẹsafọ́ọ̀, má bu omi lásán sí i. Tí wọ́n bá ti lù ú pọ̀ nínú jálá tó o rà, má tún fomi kún un. Pàrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì méjì.

Ìyá Tósìn, Atlanta: Rírọ omi wá kù. Ẹ́ńjìnnì tútù o, ẹ má ṣí ìdérí gbígbóná láé. Rọ rádíétọ̀ kún dé ẹnu. Àyè íńṣì kan tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí mọ́. Ṣí híítà sí gbígbóná, jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí thermostat (fáàfù tó ń ṣí fún omi tó bá ti gbóná) á fi ṣí, omi á wálẹ̀, fi kún un, dé e. Rẹsafọ́ọ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta. (Ẹ má sì yọ thermostat dànù bí àwọn mẹkáníìkì ilé ṣe ń ṣe.) Tó bá ti gbóná tó tún tutù bí ẹ̀ẹ̀mejì mẹ́ta, ṣí ìdérí láàárọ̀: omi gbọ́dọ̀ kan ẹnu.

Tí rẹsafọ́ọ̀ bá kún tí rádíétọ̀ sì dín, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé: wo rọ́bà òkè, kílíìpù, àti ìdí ọ̀pá kékeré yẹn. Irú ibẹ̀ lè má jo síta rárá, kó sì máa fa afẹ́fẹ́. Tí hóòsì ńlá òkè bá fún pọ̀ nígbà tó tutù, nǹkan ti dí hóòsì kékeré, tàbí fáàfù àárín ìdérí ti gan.

Mufútáù, Dallas: Tó bá sì ń hó kutukutu nínú rẹsafọ́ọ̀ láìdáwọ́ dúró nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, fura sí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ọkọ̀ níbí máa ń yáni ní ohun ìdánwò rẹ̀, o kàn máa fi owó dúró. Omi búlúù inú rẹ̀ á di yẹ́lò tí èéfín bá wà nínú rádíétọ̀. Rẹsafọ́ọ̀ ò wo ìyẹn sàn, bẹ́ẹ̀ ni kò wo ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná jù.

Ṣadé, Minneapolis: Èyí tó o bá sì tú jáde, má dà á sí gọ́tà, òfin ò gbà á. Ó máa ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ajá tàbí ọmọdé lè lá a. Rọ ọ́ sínú jálá tó ní ìdérí, kọ orúkọ sí i lára, kó o gbé e lọ síbi tí ìjọba ìbílẹ̀ yín ti ń gba àwọn ohun olóró inú ilé.