Ṣé oúnjẹ inú microwave lè dùn, àbí ó kàn wà fún gbígbóná ni?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Parakin

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi microwave rẹ̀ sílẹ̀ fún mi kó tó gòkè òkun. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mò ń gbé, ní Parakin. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, ilẹ̀ ti ṣú, gáàsì náà sì ti wọ́n débi pé èèyàn á ronú kó tó ṣáná sí i. Mo bá ní kí n kúkú máa fi ẹ̀rọ yìí jẹun alẹ́.

Àmọ́ kò gbà fún mi. Ìrẹsì á gbẹ létí abọ́, àárín rẹ̀ á ṣì tutù. Adìẹ á le. Búrẹ́dì á máa fà bíi táyà kẹ̀kẹ́. Àkàrà tí mo rà láàárọ̀ tí mo gbé síbẹ̀ lálẹ́, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, epo ń sun lára rẹ̀. Màámi ní Ìsọ̀kun, Iléṣà, ti kìlọ̀ pé àwọn ò gbọdọ̀ gbọ́ pé mo gbé iyán sínú àpótí yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lò ó tipẹ́, ṣé ẹnìkan wà tí oúnjẹ inú rẹ̀ ti dùn mọ́ lẹ́nu rí? Mi ò ní kó gbóná o. Kó dùn ni mò ń wí.

Ìyá Onírẹsì, Láàgéré

Ọmọ mi, wọn kì í fi àpótí ṣe ìkòkò. Ìrẹsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò jóná díẹ̀, tí èéfín igi kò kàn, ìrẹsì aláìsàn ni. Mo ní ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, ìwé àwọn onígbèsè ni mo ń kó lé e lórí. Ọ̀dọ̀ mi ni kó o máa gbà kọjá bó o bá ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́.

Bàbá Atẹ́rọṣe, Sábó

Ìyá Onírẹsì, ẹ kú ọjà. Mo ti jẹ ìrẹsì yín rí, mi ò bá yín jiyàn. Ẹ jẹ́ kí n dá ọmọ yìí lóhùn, torí ọ̀rọ̀ yìí ni iṣẹ́ òòjọ́ mi. Microwave àti fìríìjì ni mò ń tún ṣe ní Sábó níbí. Mi kì í dá microwave padà fún olówó rẹ̀ láìjẹ́ pé mo fi se nǹkan jẹ, torí omi híhó nìkan kò tó ẹ̀rí. Ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ti di búkà.

Ọmọ mi, ẹ̀rọ yẹn kò níná nínú. Omi inú oúnjẹ ló ń dà láàmú. Irin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní magnetron, ẹbí èyí tí wọ́n fi ń ṣe rédà, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá, nígbà ogun Hitler. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ará Amẹ́ríkà kan, Percy Spencer, dúró sí ní 1945 tí ṣokoléètì àpò rẹ̀ fi yọ́, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbì tó ń jáde lára irin yẹn á mú omi inú oúnjẹ máa gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn ló ń di ooru. Omi kì í sì í gbóná ju ìwọ̀n 100 lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ. Àkàrà àti dòdò ń fẹ́ kí ara wọn gbóná tó bíi 140 kí wọ́n tó pọ́n, kí wọ́n tó máa ta sánsán. Epo gbígbóná lè ṣe é. Ẹyin iná lè ṣe é. Tìrẹ yìí kò lè ṣe é láéláé, bó o bá tiẹ̀ rà á ní mílíọ̀nù kan. Nítorí náà, kó o tó gbé nǹkan wọ ibẹ̀, kọ́kọ́ bi ara rẹ bóyá ohun tí wọ́n ń fi omi sè ni, tàbí ohun tí wọ́n ń dín tí wọ́n ń sun. Ti omi á dùn. Ti epo, fi í sílẹ̀ fún epo.

Ó ku ti adìẹ. Ìgbì yẹn kì í wọ inú ẹran ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 lọ. Bí itan adìẹ bá nípọn, ìta rẹ̀ ló ń jinná, ooru ìta ló wá ń rìn wọ inú díẹ̀díẹ̀. Bó o bá fi gbogbo agbára lù ú, ìta á ti gbẹ kí inú tó mọ̀ pé wọ́n ń se òun. Bọ́tìnnì kan wà lára ẹ̀rọ yẹn tó ń dín agbára kù, tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ nílẹ̀ yìí. Tẹ̀ ẹ́ sí ìdajì. Fi omi ọbẹ̀ rin ẹran náà, dé e, fún un láyè. Bó bá dún pé ó ti parí, má tíì ṣí i, jẹ́ kó jókòó bí ìṣẹ́jú 2. Ìrẹsì, wọ́n omi sí i, tò ó yí etí abọ́ ká kí àárín ṣófo, torí àárín ni ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Búrẹ́dì, fi aṣọ mímọ́ tó rin díẹ̀ wé e, ìṣẹ́jú àáyá 15 péré, kó o jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bó bá tún tutù, ó di tajá.

Nǹkan kan tún wà tí ìwé inú páálí rẹ̀ kò ní sọ fún ẹ láé, ìyẹn ni iná tiwa. Folti 230 ni ẹ̀rọ náà ń retí. Bó bá di aago méje alẹ́ tí gbogbo àdúgbò ti tan nǹkan, iná á wálẹ̀. Àwo á máa yí, gílóòbù á máa tàn, oúnjẹ kò ní gbóná, ìwọ á wá máa fi ìṣẹ́jú kún ìṣẹ́jú títí ó fi gbẹ. Bu omi ife kan, bíi mílílítà 250, kó o dán an wò. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 700 watt sí lára gbọ́dọ̀ mú un hó kó tó pé ìṣẹ́jú 3. Bó bá gba ìṣẹ́jú 5, ìwọ kọ́ ni o ò mọ oúnjẹ sè, iná ni kò tó. Má sì fi jẹnẹrétọ̀ kékeré gbé e o, torí 700 tí wọ́n kọ yẹn, ó ń fà ju 1,000 lọ lọ́wọ́ iná. Ní ti mítà, fọkàn balẹ̀: ìṣẹ́jú 10 kò ju bí ìdá kan nínú márùn-ún yúníìtì kan lọ. Bá gáàsì ṣírò rẹ̀ kó o wò ó.

Ó yá, èyí tó dùn gan-an. Lọ ra àgbàdo tútù kan tí èèpo rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ digbí. Má bó o. Gbé e sórí àwo bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú 4, ó pẹ́ tán 5. Fi aṣọ mú un, fi ọ̀bẹ gé ìdí rẹ̀ níbi tí ọmọ àgbàdo ti bẹ̀rẹ̀, wá di orí èèpo rẹ̀ mú kó o máa fún un wálẹ̀. Àgbàdo á yọ́ jáde ní ìhòòhò, gbogbo irun rẹ̀ á dúró sẹ́yìn nínú èèpo. Kò sí omi ìkòkò tó fọ adùn rẹ̀ lọ, ṣe ni yóò kún ẹnu. Bó bá jẹ́ sísun lo fẹ́, àwọn ìyá ẹ̀bá títì ló ni ìyẹn.

Mọ́ínmọ́ín náà ń gbà. Wá ife tíì tó wúwo, tí kì í ṣe irin, tí wọn kò sì fi wúrà kùn létí, torí wúrà yẹn á ta iná. Ya ewé eéran tẹ́ ẹ sínú ife, bu ẹ̀wà lílọ̀ tó o ti fi ata àti epo sí dé ìdajì, torí á wú, fi ewé mìíràn bo orí rẹ̀. Ìdajì agbára, ìṣẹ́jú 5 sí 6, kó o fi ìdí ṣíbí gún un wò. Ìgbì ń la ewé kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, àmọ́ ooru omi ń fi ara kan ewé kó tó jáde, òórùn yẹn ló máa kọ́kọ́ kí ẹ nígbà tó o bá ṣí i. Ife kan, ẹni kan. Bó o bá ní àlejò, dáná.

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàn, ẹja tútù pẹ̀lú ata gígún àti àlùbọ́sà, wọ́n dára níbẹ̀. Ẹ̀wà odidi, ṣàkì, pọ̀nmọ́, má dán an wò, àwọn yẹn ń fẹ́ sùúrù. Ẹyin nínú èèpo rẹ̀, rárá! Ẹnìkan gbé tiẹ̀ wá bá mi, ẹyin ti bú gbàmù, ìyókù ti gan mọ́ òkè àti ẹ̀gbẹ́, mo fi ọ̀bẹ họ ọ́ títí.

Ọmọ Ifẹ̀ ní Manchester

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ohun tẹ́ ẹ sọ bá ti ọ̀dọ̀ wa mu. Níbí, oúnjẹ onípáálí tí wọ́n ti sè tán kún fìríìjì ṣọ́ọ̀bù, kí èèyàn kàn gún ọ̀rá orí rẹ̀ ni kó gbé e wọlé. Èyí tó bá ní omi ọbẹ̀ nínú ni mo máa ń rà, bíi kọ́rì àwọn ará Íńdíà. Ó ń dùn, mi ò ní purọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iyọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀. Ọ̀dùnkún dídín inú páálí, ẹ má jẹ ẹ́. Ti pízà ni wọ́n wá ọgbọ́n sí: wọ́n fi irin tín-ín-rín kan lẹ̀ mọ́ páálí, ìgbì á mú páálí yẹn gbóná kọjá 200, òun ló máa wá yan ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń jẹ irú oúnjẹ báyìí láti àwọn ọdún 1950, ṣùgbọ́n abọ́ alumínímù ni wọ́n ń bù ú sí nígbà náà, ààrò ni wọ́n ń gbé e sí.

Tísà Modákẹ́kẹ́

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí dára, àmọ́ kò sí ẹni tó mẹ́nu ba àrùn jẹjẹrẹ. Wọ́n ní ìgbì inú ẹ̀rọ yẹn ń wọ ara èèyàn. Àti àwọn abọ́ ike ńkọ́? Bàbá, ẹ dá wa lóhùn.

Bàbá Atẹ́rọṣe, Sábó

Tísà, ẹ kú iṣẹ́. Ìgbì yẹn kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń ya egungun nílé ìwòsàn. Kò lágbára láti ba ohun tó wà nínú ara jẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹn, kó mú nǹkan gbóná ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí irin oníhò wínníwínní. Ìgbì náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12, kò lè gba ihò yẹn jáde. Bí ilẹ̀kùn bá wọ́ tàbí tí kò pa dé mọ́, ìyẹn ni kẹ́ ẹ má lò. Ẹ má sì tú ẹ̀yìn rẹ̀ fúnra yín, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ti yọ ọ́ lára iná. Kapásítọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń fi iná pamọ́, ó ju 2,000 folti lọ, kò mọ ẹni tó jẹ́ tísà.

Ike, èmi ò fẹ́ ẹ. Epo máa ń gbóná ju omi lọ, á jẹ abọ́ ike lára, ẹ wo àmì pupa tí kì í ṣí lára abọ́ ọbẹ̀ yín. Gíláàsì ni mò ń lò.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ju jẹjẹrẹ lọ ni ìrẹsì tó sùn sórí tábìlì mọ́jú. Kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí sísè kì í pa tán. Bí ìrẹsì bá jókòó síta pẹ́, kòkòrò yẹn á tu májèlé sí i, microwave tàbí ìkòkò kò sì lè pa májèlé náà mọ́. Inú fìríìjì ni kó sùn. Bí kò bá síná, ẹ se ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa jẹ.

Ẹ̀bẹ̀ kan tún: páálí pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú tó wà lápá ọ̀tún inú rẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀tí tí ilé iṣẹ́ gbàgbé síbẹ̀. Máíkà ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìgbì ti ń wọlé. Àwọn kan ń já a sọnù, àwọn kan kì í dé ọbẹ̀, epo pupa á ta sí i, á jóná, á máa ta iná páapáa, òórùn èéfín á wọ inú gbogbo oúnjẹ. Ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa sọ pé microwave kì í jẹ́ kí oúnjẹ dùn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Parakin

Bàbá, ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀mí yín á gùn. Mo se àgbàdo yẹn lánàá, ó bọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ ṣe wí, àbúrò mi ní kí n tún un ṣe kóun fi fóònù yà á. Máíkà tèmi dúdú lápá kan, mo máa gbé e wá. Àmọ́ ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ lórí iyán. Màámi fi iyán àti ẹ̀gúsí ránṣẹ́ láti Iléṣà nínú kúlà, ó ti wà ní fìríìjì láti àná, ó le gbagidi.

Bàbá Atẹ́rọṣe, Sábó

Ohun tó wà nínú iṣu ló dì nígbà tó tutù. Omi àti ooru á tún tú u. Gé e sí wẹ́wẹ́ tó nípọn bí àtàǹpàkò, má gbé odidi òkìtì síbẹ̀. Wọ́n omi sí i dáadáa, fi abọ́ dé e, ìṣẹ́jú 2. Gbé e jáde, fi ọmọrogùn kékeré pò ó mọ́ra, tún wọ́n omi, ìṣẹ́jú kan sí i, kó o tún pò ó. Pípò kejì yẹn ni kó o má fò, òun ló ń mú un fà. Ẹ̀gúsí, gbé e lọ́tọ̀, dé e, ìdajì agbára, torí ó máa ń ta bí wọ́n bá fipá gbóná rẹ̀.

Bá mi sọ fún Màmá pé lórí odó, wọ́n jàre, mi ò mọ ẹ̀rọ tó lè gún iyán bí Ìjẹ̀ṣà. Lórí iyán àná, mo bá wọn du díẹ̀.