Homocystinuria: ìṣọ́ra fún ẹ̀jẹ̀ dídì nígbà iṣẹ́ abẹ

Homocystinuria jẹ́ àìsàn àjogúnbá tí homocysteine, èròjà kan tí ara ń ṣe, fi ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, tó sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ojú ló máa ń gbé ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Lẹ́ǹsì ojú wọn máa ń yẹ̀ kúrò láàyè rẹ̀, ó sì sábà máa ń yẹ̀ sísàlẹ̀. Oníṣègùn ojú á ní kí wọ́n wá yọ ọ́, kò ní ronú kan iṣan ẹ̀jẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, enzyme CBS (èròjà ara tó yẹ kó máa yí homocysteine padà sí nǹkan mìíràn) tí kò ṣiṣẹ́ ló jẹ́ kí homocysteine kún inú ẹ̀jẹ̀. Ti ẹni tára rẹ̀ dá kì í sábà ju 15 µmol/L lọ. Ti aláìsàn tí kò gba ìtọ́jú máa ń kọjá 100 dáadáa. Èsì àwọn tó kà á nìyí:

— Ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ má tíì gba iye yẹn gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà. Orí yìnyín ló yẹ kó wà, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ yí i láti ya sẹ́ẹ̀lì kúrò lára omi rẹ̀ kí wákàtí kan tó pé. Tó bá jókòó sórí káńtà, sẹ́ẹ̀lì pupa á máa tú homocysteine sínú omi ẹ̀jẹ̀, iye náà á sì gòkè lásán. Ẹni tí fítámì B6, tí wọ́n fi ń tọ́jú àìsàn náà, ń ṣiṣẹ́ fún, ìsàlẹ̀ 50 là ń fẹ́. Àwọn yòókù, ìsàlẹ̀ 100. Tí fítámì folic acid tàbí B12 bá sì dín lára, B6 á dà bí ohun tí kò ṣiṣẹ́.

— Ní ti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an: ebi tí wọ́n ń fi pa aláìsàn láìsí omi lára rẹ̀ ló léwu jù. Omi ara gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ki. Ẹ ní kí wọ́n fa dírípù tó ní ṣúgà sí i lára, ìlọ́po kan àtààbọ̀ ohun tí wọ́n máa ń fún ẹlòmíì, títí táá fi lè mumi fúnra rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀, abẹ́rẹ́ heparin (tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) tí dókítà bá fọwọ́ sí i, kó sì tètè dìde rìn. Kí oníṣègùn tó ń kunni lóorun má lo nitrous oxide, gáàsì tí wọ́n fi ń kunni lóorun, o! Ó ń ba iṣẹ́ B12 jẹ́, homocysteine á sì fò sókè.

— Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn obìnrin kún un: oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní estrogen kò yẹ wọ́n. Aboyún sì ń gba abẹ́rẹ́ heparin láti oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, torí lẹ́yìn ìbímọ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ń dì jù.

— Mo fẹ́ fi kan kún un. Tí ẹsẹ̀ kan bá wú tí èkejì kò wú, a máa ń sáré. Àmọ́ orí fífọ́ tí kò lọ, tó mú èébì dání, la máa ń pè ní ibà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú ọpọlọ. Skani ọpọlọ lásán lè má rí ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ya àwọn iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà láti orí.