Ṣé ó tọ́ kí olùtajà má lè kọ èsì búburú nípa oníbàárà lórí eBay?

AdúnniTà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí eBay, ọjà orí ayélujára yìí, ẹnì kan lè borí ní gbàǹjo kó má sanwó, tàbí kó gba ọjà tán kó máa halẹ̀ pé àfi kí wọ́n dá ìdajì owó òun padà. Síbẹ̀, èsì rere nìkan ni olùtajà lè kọ fún un. Ṣé kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀? Kí ni olùtajà kékeré lè ṣe?

BàbáỌjà: Títí di oṣù karùn-ún ọdún 2008, àwọn méjèèjì ló lè kọ búburú fún ara wọn. Ẹ̀san ló bà á jẹ́. Olùtajà á dá èsì tirẹ̀ dúró títí oníbàárà á fi kọ́kọ́ kọ. Tí ìyẹn bá kọ búburú, búburú lòun náà á gbà. Ìbẹ̀rù yìí pa ọ̀pọ̀ lẹ́nu mọ́, orúkọ àwọn oníjìbìtì sì ń dán gbinrin. Èyí tí Airbnb, ìkànnì tí àwọn onílé ti ń gba àlejò sílé fún owó, ṣe ní 2014 ló wù mí jù: èsì onílé àti ti àlejò á wà ní bòńkẹ́lẹ́ títí wọ́n á fi kọ ọ́ tán, tàbí tí ọjọ́ 14 á fi pé. Kò sí àyè fún ẹ̀san níbẹ̀.

ÌyáẸrù: Tí ọjọ́ 4 bá kọjá tí oníbàárà kò sanwó, ẹ fagi lé ọjà náà, kí ẹ sì mú "kò sanwó" ní ìdí. Ẹ má ṣojú àánú mú ìdí míì o! Ìdí yẹn ló ń wọ àkọsílẹ̀ rẹ̀, òun náà ló ń jẹ́ kí eBay yọ èsì tó bá kọ. Ẹ tún lè ṣètò àkáǹtì yín kó máa ti ẹni tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù 12 síta. Ní ti ìhàlẹ̀, inú eBay ni kí ẹ ti máa dá a lóhùn, ẹ má bá a lọ sórí WhatsApp, torí ọ̀rọ̀ tó bá kọ síbẹ̀ lẹ̀rí tí ẹ máa fi fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Àjàní_Kent: BàbáỌjà, mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àlejò ń sùn nínú ilé onílé, ó yẹ kí wọ́n mọ ìwà rẹ̀. Ẹni tó ti sanwó ní gbàǹjo ńkọ́, kí ló kù tí olùtajà fẹ́ wọ̀n lára rẹ̀? Ìṣirò ló ń ni olùtajà kékeré lára. Ẹni tó ní rere 40 àti búburú 1, ìdá èsì rere rẹ̀ á bọ́ sí 97.6%, ẹni tó ní rere 1,000 àti búburú 1 ṣì wà ní 99.9%. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ oníbàárà, ẹ tó ní kó tún èsì rẹ̀ kọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ lè bẹ̀ ẹ́ lórí èsì kan, ọjọ́ 10 ló sì ní láti dáhùn.