Alùpùpù láàárín ọkọ̀: ohun tí àwa ọmọ Èkìtì lókè òkun sọ fún àbúrò wa tó ń bọ̀ ní Leeds

Ọmọ Bàṣírì, Adó-Èkìtì
Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi lọ́kùnrin lóbìnrin. Ìyàwó mi rí ààyè gbà láti kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Leeds, èmi náà sì ti gba físà láti tẹ̀ lé e. Ọ̀kadà ni mo fi ń jẹun ní Adó níbí, láti Òkèṣà títí dé Ìwòròkò, kò sì sí ibi tí ọ̀nà há sí tí mi ò lè gbà. Iṣẹ́ gbígbé oúnjẹ kiri ni mo ní lọ́kàn tí mo bá débẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé, tí gosiló bá wà, ṣé ẹni tó wà lórí máṣìn lè gba àárín ọkọ̀ kọjá bí a ṣe ń ṣe ní Ọjà Ọba? Ẹnì kan sọ pé ọlọ́pàá máa gbé mi. Ẹlòmíì ní kò sẹ́ni tó máa bi mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Ọmọ Adó, Houston
Àbúrò, tí o bá kọjá sí Texas lọ́jọ́ kan, fi ìyẹn sílẹ̀ sí Leeds o. Wọn ò gbà á níbí rárá. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì á dá ọ lóhùn.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Lọ́ńdọ̀nù
Àbúrò, kú oríire, Ọlọ́run á mú yín gúnlẹ̀ láyọ̀. Kò sí ọlọ́pàá tó máa gbé ọ torí pé o gba àárín ọkọ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fàyè gbà á. Highway Code, ìwé òfin ojú pópó wọn, sọ ọ́ ní òfin 88 pé ẹni tó bá ń gba àárín ọkọ̀ tó ń rọra lọ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, kó má sì sáré. Òfin 211 ní kí àwọn awakọ̀ náà máa ṣọ́ àwa tó wà lórí alùpùpù. Ṣùgbọ́n tí o bá ń ṣe é wàdùwàdù, wọ́n lè fi ẹ̀sùn ìwàkuwà kàn ọ́, ìyẹn sì máa kó bá láìsẹ́ńsì rẹ.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an kọ́ nìyẹn. O mọ máṣìn gùn, mi ò jiyàn. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ló máa yàtọ̀. Ní Adó, gbogbo awakọ̀ ló mọ̀ pé ọlọ́kadà wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì. Takisí tó fẹ́ yà ní Ìjìgbò ti yọrí lójú wíńdò kó tó yí ọwọ́, ó sì ti gbọ́ họ́ọ̀nù rẹ látẹ̀yìn. Níbí, wọ́n ti gbé gíláàsì sókè nítorí òtútù, rédíò ń sọ̀rọ̀, kò sì sí lọ́kàn awakọ̀ pé ẹnì kan lè wà láàárín òun àti ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ òun. Họ́ọ̀nù tí o gbójú lé nílé ò lè gbà ọ́. Ìkìlọ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ kí èèyàn máa fi ṣe, wọn ò sì gbà kí o fọn ọ́n láàárín ìgboro bí o bá ń lọ láti aago 11:30 alẹ́ títí di aago 7 àárọ̀. Máa gùn ún bí ẹni tí ẹnikẹ́ni ò rí. Gbogbo ohun tó kù tí mo máa sọ, orí èyí ló dúró lé.

Apá tí wọ́n ń gbà náà yàtọ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń gba apá ọ̀tún, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lápá òsì. Tí ọ̀nà bá jẹ́ lénì kan lọ, lénì kan bọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ìlà ọkọ̀ ni wàá gbà kọjá, ìyẹn ni pé ìwọ àti ọkọ̀ tó ń bọ̀ lódìkejì lẹ jọ ń pín àyè. Ojú rẹ tó ti mọ́ra nílé máa kọ́kọ́ wo ibi tí kò yẹ. Nítorí náà, nígbà tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, dúró sínú ìlà bí ọkọ̀ yòókù. Oúnjẹ tó bá pẹ́ díẹ̀, oníbàárà á bínú, á sì tán.

Èmi kì í gba àárín ọkọ̀ àfi tí wọ́n bá dúró tàbí tí wọ́n ń rákò. Jíà kejì ni mo máa ń fi lọ, ìka méjì wà lórí bíréèkì ọwọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí ti ẹ̀yìn láìtẹ̀ ẹ́. Tí ìlà bá ti ń lọ ní nǹkan bíi máìlì 20 ní wákàtí, mo ti wá àyè wọlé padà. Kí o tó kọjá ọkọ̀ kan, ti mọ ibi tí wàá wọ̀ sí tí iná bá yí sí àwọ̀ ewé.

Wo èyí dáadáa. Old Kent Road, títì ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, nìyí nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ ti tò láti ibi iná. O rí i pé ọkọ̀ kan dúró, ó sì fi àyè ọkọ̀ kan sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Ojú ọlọ́kadà máa rí àyè níbẹ̀. Ojú tí mo fẹ́ kí o ní ni èyí tó máa rí ọkọ̀ tó fẹ́ jáde láti àdúgbò ẹ̀gbẹ́. Awakọ̀ tó dúró yẹn ti ṣẹ́ iná sí i pé kó máa bọ̀. Ẹni tó ń jáde ti na ọwọ́ sókè láti dúpẹ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó fún un láyè ló ń wò, kò wo ọ̀dọ̀ rẹ, imú ọkọ̀ rẹ̀ á kàn yọ sí ọ lójijì. Tó bá jẹ́ fáànù ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, o ò ní rí nǹkankan àfi ìgbà tí o bá débẹ̀ tán. Àlàfo tó bá ti wà lẹ́nu oríta, rọra dúró, yọjú wò, kí o tó kọjá.

Irú rẹ̀ ti dé kóòtù lọ́dún 1966, ẹjọ́ Powell àti Moody. Alùpùpù ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ọkọ̀, ọkọ̀ kan gba àlàfo jáde, wọ́n kọlura. Kóòtù ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀bi jẹ́ ti ẹni tó wà lórí alùpùpù. Wọ́n máa ń gbé ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò lọ́tọ̀, àwọn mìíràn sì ti jàre lẹ́yìn ìyẹn, àmọ́ má retí pé wọ́n á sọ pé awakọ̀ ló jẹ̀bi torí pé ọkọ̀ tirẹ̀ ló tóbi.

Ibi tí ìlà funfun kọ́lọkọ̀lọ bá wà nítòsí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà sọdá, má kọjá ọkọ̀ tó ṣíwájú. Ọmọdé lè wà níwájú rẹ̀ tí o ò rí.

Ọmọ Ìyìn, Manchester
Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́rẹ́ sọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí látorí àga awakọ̀. Tí alùpùpù bá ti wọ ẹ̀gbẹ́ taya ẹ̀yìn mi lápá òsì, ó lè pòórá nínú dígí. Tí o ò bá rí ojú mi nínú dígí mi, èmi náà ò rí ọ. Tí mo bá wá ń yà sí òsì, ìdí bọ́ọ̀sì kì í tẹ̀ lé ipasẹ̀ iwájú, ṣe ló máa ń gé e kúrú, á sì fà mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ti há nìyẹn. Má ṣe gba ọwọ́ òsì bọ́ọ̀sì tàbí tírélà kọjá láéláé, ì báà jẹ́ pé àyè tó ọkọ̀ méjì ló wà níbẹ̀.

Ìgbà tó ń dẹ́rù bà mí jù fún ẹ̀yin alùpùpù ni ìgbà tí lénì kan bá ń lọ, tí èkejì dúró. Ẹni tó wà nínú èyí tó dúró á ti máa kanra. Á yọ́ jáde ni, ẹ̀yìn ìyẹn ló máa ń rántí tráfíkétọ̀. Nítorí náà, taya iwájú ọkọ̀ ni kí o máa wò. Taya ti ń yí kí iná tó tàn. Kí o sì máa ṣọ́ takisí tó ní èrò lẹ́yìn. Tí iná bá ti pẹ́, èrò á ṣílẹ̀kùn bọ́ sílẹ̀ láàárín títì láìwo ibì kankan.

Ọmọ Ìjerò, Kalifọ́níà
Ẹ kú ìjíròrò. Kí ẹni tó bá ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà má ka ti Gẹ̀ẹ́sì sí òfin ibí. Kalifọ́níà ló kọ́kọ́ ṣòfin tó fàyè gba kí alùpùpù gba àárín ọkọ̀, wọ́n fọwọ́ sí i lọ́dún 2016, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2017. Bí o bá sọdá sí Nevada, kò bófin mu mọ́. Utah gbà á lọ́dún 2019, Arizona ní 2022, Colorado ní 2024, àmọ́ ní ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró pátápátá, ìwọ náà ò sì gbọdọ̀ kọjá máìlì 15 ní wákàtí.

Yunifásítì Berkeley ṣèwádìí rẹ̀, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Wọ́n rí i pé ewu rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ tí ọkọ̀ kò bá sáré ju máìlì 50 lọ, tí ẹni tó wà lórí alùpùpù kò sì fi ju máìlì 15 yára jù wọ́n lọ. Bó bá ti kọjá ìyẹn, ìfarapa á pọ̀ sí i. Wọ́n tún rí i pé ọkọ̀ kì í sábà gbá àwọn tó ń gba àárín látẹ̀yìn tó àwọn tó dúró sínú ìlà. Ẹ fi ìyàtọ̀ eré yẹn sọ́kàn, ó ju eré fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn ọlọ́pàá òpópónà wa náà ní àárín lénì méjì tó wà lápá òsì pátápátá ló sàn jù, nítorí ọkọ̀ tó fẹ́ bọ́ kúrò lórí òpópónà ò pọ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yẹ́, Sídínì
Ti wa níbí: ó ti bófin mu láti oṣù Keje ọdún 2014, kìlómítà 30 ní wákàtí ni òpin rẹ̀. Ẹni tó ṣì ń kọ́ ọ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, a kì í sì í ṣe é níbi ilé ẹ̀kọ́ lásìkò tí àwọn ọmọ ń wọlé tàbí tí wọ́n ń jáde.

Ọmọbìnrin Ìkọ̀lé, Birmingham
Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo fẹ́ fi kún un. Akoto nìkan lòfin fi dandan lé, torí náà àwọn ọmọ iṣẹ́ oúnjẹ máa ń wọ bàtà kánfáàsì, wọn kì í sì í wọ ìbọ̀wọ́. Ẹni tó bá ṣubú, àtẹ́lẹwọ́ ló kọ́kọ́ ń nà sílẹ̀. Kódà bó rọra ń lọ, títì á bó awọ ibẹ̀. Mo máa ń bá wọn tú báńdéèjì, ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bó kò lè fi síbí jẹun fúnra rẹ̀, kò lè de bọ́tìnnì. Ra ìbọ̀wọ́ aláwọ àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ kí o tó ra fóònù tuntun. Ní ti akoto, ìjọba níbí ń dán wọn wò, wọ́n sì ń fún wọn ní ìràwọ̀ láti orí 1 dé 5 lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní SHARP. Wò ó níbẹ̀ kí o tó rà á. Má gbé akoto tí ẹlòmíì ti lò, o ò mọ̀ bóyá ó ti ṣubú rí.

Ọmọ Bàṣírì, Adó-Èkìtì
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Òjò ńkọ́? Àti ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì, ṣé mo lè gbà á? Ìwé wo sì ni mo gbọ́dọ̀ ní?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Lọ́ńdọ̀nù
Tí òjò bá ń rọ̀, ìlà tí wọ́n fi ọ̀dà kùn máa ń yọ̀, ìdérí irin ojú títì náà ń yọ̀, orí ìlà yẹn gan-an sì ni taya rẹ máa wà tí o bá ń gba àárín lénì. Má tẹ bíréèkì lórí rẹ̀, má yí ọwọ́ lórí rẹ̀. Bí òjò bá pọ̀, dúró sínú ìlà.

Ọ̀nà bọ́ọ̀sì: ka pátákó rẹ̀. Tí wọ́n bá ya alùpùpù sí i, máa lọ. Tí wọn ò bá yà á, kámẹ́rà á yà ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó wà ní àwọn títì ńlá Lọ́ńdọ̀nù ló gbà wá, àmọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.

Ìwé: gba láìsẹ́ńsì akọ́ṣẹ́ ti ibí, kí o sì lọ ṣe CBT, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó pọn dandan. Ọdún 2 ló ń lò. Pẹ̀lú rẹ̀, o lè gun máṣìn tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 125cc lọ, wàá lẹ lẹ́tà L, àmì ẹni tó ń kọ́ ọ, mọ́ ọn, o ò ní gbé èrò, o ò sì ní wọ mọ́tọ̀wéè, òpópónà eré wọn. Ìnṣọ́ránsì tó ń jẹ́ hire and reward ni kí o béèrè. Èyí tí èèyàn fi ń gun máṣìn lọ sí ọjà kò bo iṣẹ́ gbígbé oúnjẹ. Tí wọ́n bá mú ọ láìsí èyí tó yẹ, bí ẹni tí kò ní rárá ni: owó ìtanràn 300 pọ́n-ùn, àmì ẹ̀bi 6 lórí láìsẹ́ńsì, wọ́n sì lè gbé máṣìn lọ.

Kí ẹlòmíì tó ń ka èyí tún gbọ́ o: físà akẹ́kọ̀ọ́ kò fàyè gba iṣẹ́ ara-ẹni, iṣẹ́ ara-ẹni sì ni wọ́n sábà máa ń ka gbígbé oúnjẹ kiri sí. Ti àbúrò wa yàtọ̀ nítorí ìyàwó rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́.

Ọmọ Ìdó, Bradford
Bradford ò jìnnà sí Leeds. Tí o bá ti ṣe CBT tán, kọ ọ́ síbí. Màá jáde ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí títì bá dá, màá wà níwájú, ìwọ á wà lẹ́yìn, kí ojú rẹ kọ́kọ́ mọ́ apá òsì ná.