Ẹ wá sọ tiyín: ìgbà tí ẹ pààrọ̀ ẹ̀yà ẹ̀dá yín nínú géèmù

Ará Agbowó:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tí kì í ṣe géèmù máa ń kà sí eré ọmọdé, àwa tí à ń ṣe é sì mọ̀ pé kì í ṣe kékeré: ọjọ́ tí èèyàn mú ẹ̀dá rẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń darí nínú géèmù, tó ti fi la gbogbo ilẹ̀ géèmù kọjá, tó sọ ọ́ di ẹ̀yà mìíràn. Orúkọ kan náà, idà kan náà, ara tuntun. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

Final Fantasy XIV, géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń ṣe, ni mò ń ṣe, ti ọ̀fẹ́ inú ẹ̀ tí wọn kì í gbowó fún. Kò lọ́jọ́ tí wọ́n máa ní ó parí. Láti ọdún 2023, èèyàn lè bá a dé ìpele 70 láìsan kọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n fi dù wá ni pé a ò lè ná ọjà inú rẹ̀, a ò sì lè kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Èmi tí mi ò ní káàdì dọ́là, ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Lalafell ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ló kúrú jù nínú àwọn ẹ̀yà ibẹ̀: orí ńlá, ojú rogodo, ẹsẹ̀ bíńtín. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Paladin ni mo yàn, ẹni tó ń gbé asà ṣíwájú, tí ọ̀tá máa ń dojú kọ kí àwọn yòókù lè ráyè jà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Sángo ló ń wo ẹgbẹ́ wa sàn nínú géèmù. Tí iná bá wà ládùúgbò tiwa, á gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá, a ó jọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Igbe kan náà ló máa ń ké nígbà gbogbo: "Mi ò rí ẹ o! Orúkọ ẹ nìkan ni mò ń rí lókè koríko!"

Àwọn tí a ò mọ̀ rí ńkọ́? Ní Limsa Lominsa, ìlú etíkun tí èrò máa ń pọ̀ sí jù, tí mo bá dúró jẹ́ẹ́, ẹnì kan á wá fọwọ́ pa mí lórí. Kò sí ìkà nínú ẹ̀, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n tí a bá wọ ihò lọ jà, ẹlòmíràn á sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ kọlu ọ̀tá, bíi pé ẹlòmíràn ló gbé asà.

Tí èèyàn bá ja ogun tó kẹ́yìn nínú ìtàn àkọ́kọ́, ìyẹn A Realm Reborn, ní ìpele 50, wọ́n á fún un ní ìgò oògùn kan tó ń jẹ́ Fantasia, òun ni wọ́n fi ń pààrọ̀ ẹ̀yà. Ẹni tó bá tún fẹ́ òmíràn, owó gidi ló máa fi rà á níbi ìtajà wọn, ẹni tó ń ṣe ti ọ̀fẹ́ kò sì lè wọ ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oògùn tèmi fi pẹ́ nínú àpò. Mo ń ronú lé e lórí.

Tí èèyàn bá mu ún, kì í ṣe nǹkan kan lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tó bá jáde, tó padà síbi tí wọ́n to àwọn ẹ̀dá rẹ̀ sí, ni wọ́n á gbà á láyè láti tún un dá: ẹ̀yà, akọ tàbí abo, ojú, gíga, ohùn. Orúkọ kì í yí.

Wọ́n ti mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ tí mo ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ onílé ń dún lẹ́yìn fèrèsé, àbúrò mi obìnrin gbé àgbọ̀n lé mi léjìká, ó ń wò. Hyur ni mo yàn, àwọn tó jọ èèyàn bíi tiwa, mo sì mú ìran Highlander nínú wọn, àwọn tó síngbọnlẹ̀. Ó wá kan àwọ̀ ara. Wọ́n to àwọ̀ náà sínú àpótí kéékèèké, ìlà lórí ìlà, láti orí funfun báláú títí wá dé orí dúdú. Bí mo bá ṣe ń tẹ àpótí kan ni ojú ẹ̀dá náà ń yí lọ́wọ́ ọ̀tún. "Rárá, ìyẹn ti pupa jù. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀." Mo sọ̀ kalẹ̀. "Ìyẹn tún ti rí eérú-eérú." Mo sún sí ẹ̀gbẹ́. "Ẹ dúró! Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò rí i? Àbúrò Dádì tó wà ní Ọ̀yọ́ nìyẹn!" Lóòótọ́ ni. Ìmú yẹn, àgbọ̀n yẹn, gbogbo ẹ̀ pé. Mo gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè jọ ọ́ dáadáa, mo sì tẹ̀ ẹ́ pé mo gbà.

Ní ti agbára, n kò rí ìyàtọ̀. Ohun tó wà láàrin ẹ̀yà kan sí òmíràn nínú géèmù yìí kò ju póìǹtì díẹ̀ lọ, tó bá sì di ìpele 50, kò já mọ́ nǹkan kan. Àwọn èèyàn ló yí. Àwọn àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà kí n kọ́kọ́ wọlé. Ọ̀rẹ́ mi ti Sángo ní ojú òun ti sinmi. Nínú ìtàn pàápàá, àwọn tó máa ń wolẹ̀ kí wọ́n tó bá mi sọ̀rọ̀ ti wá ń wò mí lójú báyìí. Kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ pa mí lórí mọ́. Ìyẹn ṣe mí ní nǹkan díẹ̀, mi ò ní parọ́.

Èrò tèmi ni pé ojú tí ẹ fẹ́ máa rí lálaalẹ́ ni kí ẹ torí ẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀yà. Ìhámọ́ra tuntun á fún yín lágbára. Kò sí ìhámọ́ra tó lè fún yín ní ojú èèyàn yín.

Ó kù sọ́wọ́ yín o.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:

Ará Agbowó, o káre. Ọ̀rọ̀ ojú tó o sọ yẹn ló mú kí n jókòó kọ èyí.

World of Warcraft ni tèmi. Títà ni wọ́n ń ta ìpààrọ̀ ẹ̀yà níbẹ̀, láti ọdún 2009. Dọ́là 25 ni fún ẹ̀dá kan. Tí ẹ bá fẹ́ ṣí láti Alliance lọ sí Horde, ẹgbẹ́ méjì tó ń bára wọn jagun níbẹ̀, ó di 30. Iṣẹ́ kì í yí o: jagunjagun á ṣì jẹ́ jagunjagun, ẹ̀yà tí wọ́n bá sì gbà kó ṣe iṣẹ́ yẹn nìkan lẹ lè yàn.

Ẹ̀yà Night Elf ni jagunjagun mi látilẹ̀. Ẹ̀bùn kan wà tí wọ́n bí mọ́ wọn tó ń jẹ́ Shadowmeld: tí ìjà bá fẹ́ bàjẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ pòórá. Àwa tí à ń ṣe é láti Ìbàdàn, tí kọ̀ǹpútà tí à ń bá sọ̀rọ̀ wà ní Yúróòpù, mọ iyì irú nǹkan bẹ́ẹ̀, torí kí àṣẹ wa tó débẹ̀ kó tó padà, ọ̀tá ti gbá wa.

Síbẹ̀ mo fi í sílẹ̀. Ní oṣù October 2020, kí Shadowlands, ìtàn tuntun tí wọ́n fi kún géèmù náà, tó jáde, wọ́n gbé àtúnṣe ńlá kan wá: àwọn Human, ẹ̀yà èèyàn, ní àwọ̀ dúdú tuntun, ojú tuntun, àti irun tó jọ irun orí tiwa. Ọdún 2004 ni géèmù yẹn jáde o! Ọdún 16 fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kí irun tiwa tó dé ibẹ̀. Mo jókòó, mo ń yí orí ẹ̀dá náà sọ́tùn-ún sósì, inú mi dùn, ó sì tún dùn mí, méjèèjì pọ̀. Mo sanwó lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Káàdì náírà ṣì ń ṣiṣẹ́ lókè òkun nígbà yẹn. Ní 2022 ni ọ̀pọ̀ báńkì dá a dúró, tí gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wá káàdì dọ́là orí fóònù kiri. Bí dọ́là ṣe wá rí yìí, 25 kì í ṣe owó ṣúẹ́ńgọ́ọ̀mù. Ẹ má fowó oúnjẹ ṣe é.

Ibi tí mo ti fẹ́ já ọ̀rọ̀ ẹ níyàn díẹ̀ ni ti agbára. Nínú tiwa, ẹ̀bùn ẹ̀yà máa ń já mọ́ nǹkan. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń du ipò kìíní láyé, wọ́n lè sọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ di ẹ̀yà kan náà nítorí ogun kan. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀? Fún èmi àti ìwọ, ojú náà ni.

Ìyá Ìbejì, Ọjà'ba:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tèmi yàtọ̀ sí ti gbogbo yín.

Guild Wars 2 ni mò ń ṣe nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Kò sí ìpààrọ̀ ẹ̀yà níbẹ̀ rárá. Ẹ lè ra ohun èlò tí ẹ máa fi tún ojú, irun àti gíga ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀yà tí ẹ bá bí i sí ló máa wà títí. Ní ilẹ̀ ẹ̀yà rẹ̀ ni ìtàn ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀: àwọn Asura kúkúrú ní agbègbè ìlú Rata Sum, àwọn Norn gíga ní agbègbè ìlú Hoelbrak. Tí wọ́n bá sọ Asura di Norn lójijì, ìrìn àjò tó ti rìn láti kékeré ńkọ́? Ta ni wọ́n fẹ́ sọ pé ó rìn ín?

Asura ni mo kọ́kọ́ dá. Nígbà tó yá, ó wù mí kí n ga, kí n lè gbé òòlù ńlá bí àwọn Norn. Àyè ẹ̀dá méjì ni wọ́n ń fún ẹni tó bá ń ṣe ti ọ̀fẹ́, mo bá dá èkejì, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kìíní. Mo rí òkè yìnyín tí n kò rí rí, mo gbọ́ ìtàn tí n kò gbọ́ rí. Bí wọ́n bá ti tà á fún mi, mi ò ní rí ìkankan nínú ẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀ lójú tèmi. Mo ní ọmọ méjì nílé, mo ní méjì nínú géèmù, mi ò sì ní sọ ọ̀kan di èkejì.

Ọmọ Àpáta:

Ẹ̀gbọ́n Agbowó, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá, Mọ̀mí, ẹ kú ọ̀rọ̀. Final Fantasy XIV lèmi náà ń ṣe, ó kù díẹ̀ kí n dé ibi tí wọ́n ti ń fúnni lóògùn yẹn. Miqo'te ni mí, eléti ológbò, mo sì fẹ́ di Au Ra, àwọn oníwo. Ṣé kí n mu ún kíá ni? Ẹ̀rù ń bà mí pé tí ojú ẹ̀ ò bá wù mí ńkọ́? Iná sì lè lọ láàrin kan.

Ará Agbowó:

Mọ̀mí, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ẹ ṣeun.

Àbúrò mi, má kánjú. Oògùn náà kì í bàjẹ́, jẹ́ kó wà nínú àpò ẹ. Ti iná, fọkàn balẹ̀: tí o kò bá tíì tẹ̀ ẹ́ pé o gbà, kò sí ohun tó yí, wàá padà bá àyè àtúndá yẹn nígbà tí iná bá dé.

Ohun tí màá ní kó o kọ́kọ́ ṣe nìyí. Àwọn tó ni géèmù náà gbé ohun èlò kan síta lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n fi ń dán agbára kọ̀ǹpútà wò, Dawntrail Benchmark ni. Ibi ìdá-ẹ̀dá wà nínú ẹ̀ lódindi. Dá Au Ra ẹ níbẹ̀, wò ó nínú oòrùn, wò ó ní òru, fi ìwo méjì-mẹ́ta dán an wò. Èyí tó bá wù ọ́, tọ́jú ẹ̀ síbẹ̀. Géèmù fúnra ẹ̀ lè gbé e jáde lọ́jọ́ tó o bá mu oògùn, kò ní sí pé ò ń wá àwọ̀ kiri.

Ó fẹ̀ díẹ̀, dátà òru ni kó o fi gbà á. Tàbí kó o wá sí Agbowó lọ́jọ́ Sátidé, ó wà lórí flash lọ́dọ̀ mi, màá dà á sórí láptọ́ọ̀pù ẹ. Gbé ṣájà ẹ dání.