"Ọlọ́pàá ọ̀mọ̀wé" kọ́ ni orúkọ tó yẹ

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Bàbá wa tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fẹ́ kí a máa pe ẹni tó gboyè yunifásítì kó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní "ọlọ́pàá ọ̀mọ̀wé", wọ́n sì ní ó yẹ kí òfin sọ oyè náà di dandan fún gbogbo ọlọ́pàá. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ orúkọ náà, n kò sì fara mọ́ dandan náà.

Láyé àwọn baba wa, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà ni ọ̀mọ̀wé. Lóde òní, ẹni tó gba oyè tó ga jù ní yunifásítì là ń pè bẹ́ẹ̀. "Akẹ́kọ̀ọ́gboyè" ti wà nílẹ̀, ó sì ti tó. Ní Nàìjíríà, oyè yunifásítì tàbí èyí tó bá a dọ́gba ni ẹni tó fẹ́ wọlé tààrà ní ipò ASP, ìyẹn ipò ọ̀gá ọlọ́pàá, gbọ́dọ̀ mú wá, nígbà tí èsì WAEC tàbí NECO tó fún kọ́ńsítébù, tó wà ní ìsàlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tí ààrẹ gbé kalẹ̀ dábàá lọ́dún 1967 pé kí gbogbo ọlọ́pàá di akẹ́kọ̀ọ́gboyè níkẹyìn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá wọn kò tíì béèrè rẹ̀ títí di òní.

Ohun tó ká mi lára jù wà ní tésàn, níbi tí wọ́n ti ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ẹni tí wọ́n mú, èyí tí wọ́n ń pè ní sítétímẹ́ǹtì. Ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n mú níbi ìjà ní Tákíé, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, tó sọ pé: "Wọ́n ń lù ú, mo sì gbà á." Bí kọ́ńsítébù bá kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i, "mo si gba a" ló máa wà nínú ìwé, ẹni tó bá sì kà á ní kóòtù lè pè é ní "mo sì gbá a". Ẹni tó gba èèyàn sílẹ̀ á wá di ẹni tó bá wọn lù ú. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀ràn dídá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 ní kí ògbufọ̀ kọ ọ̀rọ̀ ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, kó sì kà á sí i létí. Ṣùgbọ́n bí àmì kò bá sí lórí ìwé náà, kíkà lásán kò lè dáàbò bo ìwé tí ẹlòmíràn yóò tún kà lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹni tó gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ lè má mọ àmì ohùn rárá, nígbà tí kọ́ńsítébù tí wọ́n fi kọ́ dáadáa lásìkò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, "ọlọ́pàá akọ́ṣẹ́mọṣẹ́" ni èmi fara mọ́, kí kíkọ èdè àwọn ará ìlú sì jẹ́ ara iṣẹ́ tí a ní wọ́n mọ̀. Èyí tó kù tí a kò tíì fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni orúkọ tí a ó fún sítétímẹ́ǹtì fúnra rẹ̀. Mo dábàá "àkọsílẹ̀-ẹnu". Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.