Obì tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbìn kó tó lọ sógun

Ọmọ Ìlíṣàn:
Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó ní ká sọ ti mọ̀lẹ́bí wa tó bógun lọ, tèmi rèé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. N ò bá a láyé. Ẹnu Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni mo ti gbọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí a bá ń ṣa obì lóko.

Òun ni àkọ́bí wọn. Ìwé ò wọ̀ ọ́ lára, ó ní oko ló wu òun. Bàbá wọn gé ilẹ̀ fún un lẹ́yìn odò, ó gbin gbànja sí i ní nǹkan bí 1962, ó ń gbin ẹ̀gẹ́ sáàárín rẹ̀ kó lè máa rí gàrí tà. Ẹni tó bá mọ obì mọ̀ pé kì í kánjú. Ó lè tó ọdún 7 kó tó so sí ẹni lójú. Tiẹ̀ ò tíì so nígbà tí 1967 dé.

Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, sójà Bíáfúrà sọdá odò Ọya, wọ́n gba Bìní, wọ́n rìn dé Ọ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Òde, títì kan náà ni! Àwọn èèyàn ti ń di ẹrù. (Ẹ̀yin tí ẹ ń fi "ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ rọra.) Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti àdá bọ àjà, ó lọ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ sójà. Bàbá mi ní nítorí Nàìjíríà ni. Ìyá Àgbà ní irọ́ ni, owó ìdána ló ń wá. Ti Ìyá Àgbà ni mo gbà, torí òun ló mọ ọmọbìnrin náà.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ níbọn. Ó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn Divísọ̀n Kejì, sójà ìjọba Nàìjíríà tí Murtala Muhammed ń darí, wọ́n sì lé àwọn Bíáfúrà dé Àsàbà. Ohun tí sójà ìjọba fojú àwọn ará Àsàbà rí lóṣù kẹwàá yẹn burú, n ò sì lè búra pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò sí níbẹ̀. Bàbá mi ò fẹ́ kí n máa sọ gbólóhùn yìí.

Bíáfúrà ti fọ́ afárá Ọya, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó wọn sọdá sí Onitsha. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìbọn ń dá wọn padà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ará Ìkẹ́nnẹ́, ló rí i kẹ́yìn: ó ń wọ ọkọ̀, ó gbé ìbọn lé orí bí ẹni tó ru gàrí la odò kọjá.

Ọ̀rẹ́ náà fi ọ̀pá rìn délé. Kò jẹ́ wọlé wa, oko ló lọ bá bàbá wọn. Òkú ọ̀fọ̀, a ò sì rí òkú ọ̀hún sin.

Ọdún tí ogun parí, 1970, ni igi rẹ̀ so. Àwọn Haúsá oníbàárà wá láti Sábó Ṣàgámù, Ìyá Àgbà ní ti oko yẹn kò sí ní títà. Láti ìgbà náà, níbi ìsọmọlórúkọ yòówù, tí wọ́n bá gbé obì sókè pé "obì rèé, obì ní í bi ikú," gbogbo ilé á ṣe àmín, òun á panu mọ́. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n sọ èmi gan-an lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bàbá tèmi lọ sógun, wọ́n bọ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ń ti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Èkó, wọ́n á yí gba Ṣàgámù kí wọ́n má bàa wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọn ò sọ ìdí rẹ̀ fún wa rí.

Ará Òdógbolú:
Bọ́mà ni bàbá bàbá tèmi kú sí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, 1944, ní àfonífojì Kaladan. Orúkọ wọn wà lára ògiri ìrántí ní Taukkyan, ní Bọ́mà níbẹ̀, láàárín bí 27,000 sójà tí a ò mọ sàréè wọn. Wọ́n ṣi orúkọ ọ̀hún kọ, àmọ́ ó wà. Ti ẹ̀gbọ́n bàbá yín ńkọ́?

Ọmọ Ìlíṣàn:
Kò sí lára ògiri kankan, ẹ̀gbọ́n. Ẹbí ti ta ilẹ̀ náà. Mo bẹ ẹni tó rà á, ó dá igi méjì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì. Ọ̀kan ṣì ń so.